Báwo la ṣe ń tọ́jú ìtàn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó lọ tó tún padà má baà sọnù nínú àkọsílẹ̀?

Akọ̀wé Ajílété

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ tó ń san owó ilé-ìwé fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ti kú ni mò ń kọ̀wé fún, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọmọ ẹgbẹ́ tó 640, inú Excel kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, ènìyàn kan, ìlà kan. Òpó kan wà tí a pè ní "Ipò": "ó ń san" tàbí "kò san mọ́". Bí ẹni tó ti dáwọ́ dúró bá padà, a ó pa "kò san mọ́" rẹ́, a ó kọ "ó ń san" sí i.

Òfin ẹgbẹ́ sọ pé ẹni tó bá pé ọdún mẹ́wàá láì já ló lè du ipò alága. Ìdìbò ń bọ̀, kò sì sí ìwé tó lè sọ ẹni tó pé e. Ẹ wo nọ́ńbà 0147: ó wọlé ní 2011, ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2015, ó padà ní 2019, ó bọ́ sí ìsọ̀rí alátìlẹ́yìn ní 2022. Nínú Excel wa, "alátìlẹ́yìn, ó ń san" nìkan ló kù níbẹ̀. Owó ọdún àti ọrẹ sì tún dà pọ̀ nínú òpó kan náà. Rẹ́gísítà ti 2003 sí 2014 ṣì wà nínú àpótí, ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ wọ́n.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan la ní. Ṣé ká wá sọ́fítíwíà ni, àbí Excel ṣì lè gbé e?

Bàbá Lẹ́jà

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Excel lè gbé e. Ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ẹ fi ìlà kan ru ẹrù mẹ́ta: ènìyàn, sáà tó fi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, àti owó tó san. Ẹnìkan ni 0147, ṣùgbọ́n sáà mẹ́ta ló ti ní, owó tó sì ti san lè tó ogún ìgbà. Ẹ pín in sí ojú ewé mẹ́ta.

Ojú ewé "Ènìyàn" ni nọ́ńbà, orúkọ, ọjọ́ ìbí, fóònù àti agbo ilé wà. Ẹ má kọ ipò síbẹ̀ rárá. Nọ́ńbà yẹn náà, ẹ má jẹ́ kó ní ìtumọ̀ kankan. Ẹni tí ẹ bá fún ní "ILR-023" nítorí pé ẹ̀ka Ìlọrin ló ti wọlé, tó bá kó padà sílé, ẹnìkan á fẹ́ yí nọ́ńbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá yí i ni gbogbo rìsíìtì àtijọ́ rẹ̀ di ohun tí kò lólúwa. Bí ènìyàn bá sì kú, ẹ má gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ojú ewé "Sáà" ni gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́. Òpó A, nọ́ńbà. B, ìsọ̀rí. C, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. D, ọjọ́ ìparí. E, bó ṣe wọlé. F, ìdí tó fi parí. Ọjọ́ gbogbo, kí ọdún ṣíwájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn. Bí 0147 yóò ṣe rí nìyí:

0147 | kíkún | 2011-01-01 | 2015-12-31 | tuntun | kò san
0147 | kíkún | 2019-01-01 | 2021-12-31 | àpadàbọ̀ | yí ìsọ̀rí
0147 | alátìlẹ́yìn | 2022-01-01 | 2026-12-31 | yí ìsọ̀rí |

Ẹni tó bá ń san lọ́dọọdún nínú ìsọ̀rí kan náà, ẹ kàn sún ọjọ́ ìparí rẹ̀ síwájú nínú ìlà tó wà. Ìlà tuntun kì í wáyé àfi tó bá já tó padà, tàbí tó yí ìsọ̀rí. Ẹ má pa ìlà kankan rẹ́ láé.

Ipò, ọjọ́ ni kó máa sọ ọ́, kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ẹ kọ "ó ń san" sí lára ní oṣù kẹta, tí kò san ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí ohun tó máa rán ẹnikẹ́ni létí láti wá yí i. Ní G2, ẹ kọ:

=IF(F2<>"",F2,IF(TODAY()<=D2,"ó ń lọ",IF(TODAY()<=D2+90,"àforíjì","ó ti já")))

90 yẹn ni ọjọ́ àforíjì, ìyẹn iye ọjọ́ tí ẹni tí sáà rẹ̀ ti parí ṣì lè fi san láì já. Iye tí òfin yín bá sọ ni kí ẹ fi sí i. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ àmì kómà (,), ẹ fi àmì ; rọ́pò rẹ̀.

Fún ọdún mẹ́wàá, ẹ kọ́kọ́ to ojú ewé náà nípa A, lẹ́yìn náà C. Ní H2, =C2 nìkan. Láti H3 lọ sísàlẹ̀:

=IF(AND(A3=A2,C3=D2+1),H2,C3)

Ohun tó ń sọ ni pé bí sáà yìí bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí ti ìṣáájú parí, ó gba ìbẹ̀rẹ̀ ti ìṣáájú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹ má kọ ọ́ sí H2, torí D1 jẹ́ àkọlé, kì í ṣe ọjọ́, àṣìṣe #VALUE! ló máa gbé jáde, gbogbo ìlà tó bá gbára lé e á sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tó máa pé mẹ́wàá ni =EDATE(H3,120)-1. Ti 0147 á jẹ́ 2028-12-31, nítorí pé láti 2019 ni kíka rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀; ọdún márùn-ún tó ṣe ṣáájú kò bá a wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá to ojú ewé náà lọ́nà mìíràn, H á dàrú, nítorí náà ẹ tún un tò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé o: ẹni tí sáà rẹ̀ parí ní 2023-12-31, tó wá san ní 2024-02-20, tó ṣì wà nínú àforíjì. Bí ẹ bá ṣí ìlà tuntun láti ọjọ́ tó san, ẹ ti gbẹ́ kòtò ọjọ́ 50 sí àárín ìtàn rẹ̀, H á sì kà á sí ẹni tó já. Ẹ sún ọjọ́ ìparí rẹ̀ sí 2024-12-31. Ọjọ́ tó san, ojú ewé owó ló ni ín.

Akápò Alátẹ

Bàbá Lẹ́jà ti sọ òótọ́. Ojú ewé "Owó" ni ti tèmi.

Òpó méjì ni kí ẹ fún ènìyàn níbẹ̀: ẹni tó san, àti ẹni tí a san án fún. Ọmọ wà ní Kánádà, ó fi ₦30,000 ránṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ ní Òkèlérìn. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí ọmọ lórí nìkan, ìyá á di ẹni tó já. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí ìyá lórí nìkan, ẹ ò ní mọ ẹni tí ẹ máa kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí, ọdún tó ń bọ̀ ẹ ó sì lọ máa bẹ ìyá fún ọrẹ tí kò ti àpò rẹ̀ jáde. Ọmọ ni ọlọ́rẹ, ìyá ni ọmọ ẹgbẹ́.

Ká ní owó ọdún yín jẹ́ ₦6,000. ₦30,000 yẹn lè jẹ́ owó ọdún kan pẹ̀lú ọrẹ ₦24,000. Ó sì lè jẹ́ owó ọdún márùn-ún géérégé. Ẹ má fúnra yín pín in, ẹ pe ẹni tó san kí ẹ bi í. Bó bá ní ọrẹ wà nínú ẹ̀, ìlà méjì ni, nọ́ńbà rìsíìtì kan náà: ₦6,000 owó ọdún, ₦24,000 ọrẹ. Àròpọ̀ gbogbo ìlà tó ní nọ́ńbà rìsíìtì kan gbọ́dọ̀ bá iye tó wọ báńkì mu, kọ́bọ̀ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀.

Òpó méjì náà ni kí ẹ fún àkókò: ọjọ́ tí owó wọlé, àti ọdún tí owó náà wà fún. Ẹni tó san ní 2024-12-28 lè máa san ti 2025. Ìròyìn akápò ń tẹ̀ lé ọjọ́ tí owó wọlé torí ó gbọ́dọ̀ bá ìwé báńkì mu. Ti akọ̀wé ń tẹ̀ lé ọdún tí owó wà fún. Iye méjèèjì kò ní bá ara mu, kò sì yẹ kó bá ara mu. Ẹ kọ ọ́ sórí ìròyìn méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà dìde níbi ìpàdé gbogboogbò pé owó sọnù.

Ohun kan tó kù ni POS. Ẹni tó bá lọ sanwó lọ́dọ̀ oníPOS, orúkọ oníPOS ló sábà máa ń yọ nínú àlẹ́ẹ̀tì báńkì. Ẹ kọ́ àwọn ènìyàn yín láti ní kó fi nọ́ńbà ẹgbẹ́ wọn sí àlàyé ìsanwó. Èyí tí ẹ ò bá mọ olówó rẹ̀, ẹ ṣí "0000, a ò tíì mọ̀" fún un. Ẹ má fi orúkọ tó kàn jọ ọ́ dí i.

Ọmọ Akẹ̀sán

Láti Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kí yín. Èmi á bá yín sọ̀rọ̀ lórí orúkọ àti àwọn rẹ́gísítà àpótí yẹn.

Ìbejì ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ ti kọ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ fi orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí àti agbo ilé wá a, Táyé àti Kẹ́hìndé á jáde bí ẹnìkan. Fóònù kan náà ni wọ́n tilẹ̀ lè jọ ní. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á pa wọ́n pọ̀, á sì so sáà àwọn méjèèjì mọ́ ẹnìkan lọ́rùn. Ẹ fi òpó kan sí ojú ewé "Ènìyàn", "kì í ṣe ẹni yìí", kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹnìkejì síbẹ̀. Akọ̀wé tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ló máa nílò rẹ̀.

Àmì ohùn. Lójú Excel, "Adéọlá", "Adeọla" àti "Adeola" jẹ́ orúkọ mẹ́ta. Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ: kíbọ́ọ̀dù méjì lè tẹ "ọ́" lọ́nà méjì tí ojú kò lè dá mọ̀, ọ̀kan a tẹ ọ kó tó fi àmì lé e, èkejì a tẹ ó kó tó fi àmì sísàlẹ̀. Ẹ ó máa wò wọ́n bí ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí i. Òpó méjì ni ojútùú rẹ̀: orúkọ bí olúwa rẹ̀ ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, fún lẹ́tà àti káàdì, àti orúkọ ìwákiri, tí kò ní àmì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí pé ó ń yọ yín lẹ́nu kí ẹ bọ́ àmì kúrò lára orúkọ gidi. Orúkọ ènìyàn ni.

Chief, Alhaja, Dókítà, òpó tiwọn lọ́tọ̀. Obìnrin tó ti yí orúkọ nígbà tó wọlé ọkọ, ẹ fi "orúkọ àtijọ́" sílẹ̀ fún un, nítorí pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni ẹ máa bá nínú rẹ́gísítà 2006.

Rẹ́gísítà ọ̀hún, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Ẹnìkan kà, ẹnìkan tẹ̀. Ìlà sáà kọ̀ọ̀kan tó bá ti inú rẹ́gísítà jáde gbọ́dọ̀ ní òpó orísun, bí àpẹẹrẹ "Rẹ́gísítà 2, ojú ìwé 37". Ó tún gbọ́dọ̀ ní òpó ìdánilójú. Bí ìwé bá sọ pé "ó wọlé ní 2006" láì sọ oṣù, 2006-01-01 ni ẹ máa tẹ̀, kí ẹ kọ "ọdún nìkan" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láìsí ìyẹn, lẹ́yìn ọdún méjì kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ọjọ́ àfijókòó ni, wọ́n á máa fi jiyàn pé ẹnìkan ṣáájú ẹnìkejì ní oṣù márùn-ún.

Ìdí tí Bàbá Lẹ́jà fi ní kí ọdún ṣíwájú nìyí: kọ̀ǹpútà tí wọ́n to bíi ti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá tẹ 3/4/2012, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ló máa kà á sí. 25/4/2012 kò lè rí bẹ́ẹ̀ torí kò sí oṣù karùndínlọ́gbọ̀n, nítorí náà ó máa fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìlàjì ọjọ́ yín á yí padà, ìlàjì kò ní ṣeé ṣírò. Ẹ wo ibi tó fara tì: ọjọ́ gidi máa ń fara ti ọ̀tún, ọ̀rọ̀ lásán máa ń fara ti òsì.

Fóònù, ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òdo iwájú á lọ. =LEN() gbọ́dọ̀ fún yín ní 11. Bí ẹ bá parí rẹ́gísítà kan, ẹ mú ìlà kan nínú ogún, kí ẹ fi wé fọ́tò.

Akọ̀wé Ajílété

Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Ìbéèrè méjì ló kù. A ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ títí ayé. Mo fi ọjọ́ ìparí wọn sílẹ̀ lófìfo, ni gbogbo wọn bá di "ó ti já". Èkejì, ẹnìkan ní ká lọ gbé CiviCRM sílẹ̀, sọ́fítíwíà tí ẹgbẹ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ àti ọrẹ, ó ní ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀rọ Ayára

Òfìfo, òdo ni Excel kà á sí. Òní kò sì lè kéré ju òdo lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi já. Ẹ lè fi IF(D2="","títí ayé", ...) ṣíwájú fọ́múlà náà.

CiviCRM dára, ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, ó lè ṣiṣẹ́ lórí WordPress, Drupal tàbí Joomla, àwọn sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ́ ìkànnì. Ṣùgbọ́n ẹ ó san owó ibi tí ẹ máa gbé e sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì nílò ẹni tó máa máa mójú tó o. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta fún ọmọ ẹgbẹ́: ọjọ́ tó kọ́kọ́ darapọ̀, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí. Bí ẹni tí sáà rẹ̀ ṣì ń lọ tàbí tó wà nínú àforíjì bá san, ọjọ́ ìparí ló máa sún. Bí ẹni tó ti já bá padà, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á di tuntun, ọjọ́ tó kọ́kọ́ darapọ̀ á sì dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá wo 0147 níbẹ̀, ẹ lè rí 2011 àti 2019, kí àlàfo 2016 sí 2018 má hàn lójú àkọ́kọ́. Inú àkọsílẹ̀ àyípadà ni ẹ ti máa wá a. Òfin ọdún mẹ́wàá yín sì rọ̀ mọ́ àlàfo yẹn gan-an.

Ipò inú rẹ̀, iṣẹ́ kan tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń yí i. Bí ẹni tó gbé e kalẹ̀ kò bá to iṣẹ́ náà dáadáa, ẹni tó ti já lọ́dún tó kọjá á ṣì máa fi ara hàn bí ẹni tó ń lọ. Tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ tún ojú ewé mẹ́ta yìí ṣe, kí ẹ lò ó fún ọdún kan gbáko. Ẹni tí ilé rẹ̀ dọ̀tí tó kó lọ sí ilé tuntun, ìdọ̀tí náà ló kó lọ.

Bàbá Lẹ́jà

Ẹ̀rọ Ayára, mo fara mọ́ ti CiviCRM, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ òfìfo yẹn. Gbogbo fọ́múlà mìíràn ni ẹ máa tún máa tún ṣe nítorí rẹ̀. Akọ̀wé, ẹ kọ 9999-12-31 sí ọjọ́ ìparí ọmọ ẹgbẹ́ títí ayé. Excel gbà á, òun ni ọjọ́ tó jìnnà jù lọ tó mọ̀. Bí olúwa rẹ̀ bá kú, ẹ fi ọjọ́ tó kú rọ́pò rẹ̀, kí ẹ kọ "olóògbé" sí F lọ́jọ́ náà gan-an. Ìránnilétí owó ọdún tó bá wọ fóònù olóògbé, ọwọ́ opó tàbí ọmọ ló máa bọ́ sí. Ọgbẹ́ ọkàn ni.

Pẹ̀lú 9999, iye ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ní ní ọjọ́kọ́jọ́ á jáde wẹ́rẹ́. Fún 2018-06-30:

=COUNTIFS(C:C,"<="&DATE(2018,6,30),D:D,">="&DATE(2018,6,30))

Sáà ló ń kà o, kì í ṣe orí. Bí sáà méjì ẹnìkan bá gun ara wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa kà á. Ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò ní òpó I:

=COUNTIFS(A:A,A2,C:C,"<="&D2,D:D,">="&C2)

1 ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ní gbogbo ìlà. Níbi tó bá ti jẹ́ 2, ẹ lọ wò ó. Níbi ìyípadà ìsọ̀rí ló ti wọ́pọ̀ jù: wọ́n ṣí ìlà tuntun, wọn ò ti ìlà àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ò bèèrè, tó sì máa dé torí ìdìbò: gbèsè àtijọ́. Ẹnìkan á wá lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, á ní òun fẹ́ san ti 2016 títí dé 2018, kí òun lè pé mẹ́wàá. Bóyá owó yẹn dí àlàfo tàbí kò dí i, òfin ẹgbẹ́ ló máa sọ, kì í ṣe akọ̀wé. Bí òfin bá gbà á, ẹ ṣí ìlà sáà fún ọdún mẹ́ta náà, kí ẹ kọ "àsanpadà" sí E, kí ọjọ́ tó san gan-an sì wà ní ojú ewé owó. Ẹ má fà á mọ́ sáà 2011 bí ẹni pé kò já rí. Bí òfin kò bá sọ nǹkan kan, ẹ gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ kí ẹ tó gba owó náà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti já rìsíìtì.

Ọmọ Akẹ̀sán

Ẹ fún ẹ̀ka náà ní ojú ewé kékeré tirẹ̀: nọ́ńbà, ẹ̀ka, láti ìgbà wo, di ìgbà wo. Ẹni tó kúrò ní Ìlọrin lọ sí Jos kò já, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kan ojú ewé "Sáà".

Fáìlì yìí, ẹ má máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni mẹ́ta á tẹ nǹkan sínú ẹ̀dà mẹ́ta, kò sí èyí tó máa pé. Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀dà rẹ̀ máa lọ sórí fláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọjọ́ wà lára orúkọ fáìlì náà. Fóònù, ọjọ́ ìbí àti iye tí ènìyàn ń fi tọrẹ wà nínú rẹ̀, Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 sì kan ẹgbẹ́ yín náà: ẹ fi ọ̀rọ̀ àṣírí tì í.

Ní ti ìdìbò, ẹ tẹ orúkọ àwọn tó pé mẹ́wàá jáde ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó níbi ìpàdé. Nọ́ńbà, orúkọ àti ọjọ́ tó wà ní H nìkan, kò gbọ́dọ̀ sí fóònù, kò gbọ́dọ̀ sí owó. Ẹni tó bá ní àtakò kó mú rìsíìtì tàbí káàdì rẹ̀ wá kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, kí akọ̀wé kọ àtakò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi hàn án àti ìlà tó yí nítorí rẹ̀.